Eyín Tí Mo Fún Amirah

"Amirah, dá eyín mi padà!"

Gbogbo ilé tó yí wa ká ní Laranto ló ń gbọ́ ohùn mi.

"Haba, Kabirat!" Ìyá wa dì mọ́ mi lẹ́yìn. "Ta ní í gba ẹ̀bùn padà?"

"Èmi!"

Ọ̀kadà ló gbé Amirah ṣubú tí eyín iwájú rẹ̀ fi yọ. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ní kí dókítà yọ tèmi fún un.

Dókítà fi eyín náà sínú ìgò, ó ń tọ́jú ẹran tín-ín-rín tó ń di eyín mú títí ó fi hù yí gbòǹgbò rẹ̀ ká. Ìgbà náà ló tó gbìn ín sẹ́nu Amirah.

Mukhtar ọkọ mi ló ń fi mọ́tò gbé wa lọ, gbé wa bọ̀, títí eyín náà fi dúró ṣinṣin.

Lónìí, ẹnu ará ọjà ni mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ so yìgì Amirah ní Jímọ́ọ̀.

"Ṣé torí Mukhtar kọ̀ mí sílẹ̀ láìsọ ìdí lẹ ṣe ń sá fún mi? Ẹ rò pé orí burúkú mi máa ràn yín? Kí ló dé tí kò ràn ọ́ nígbà tí o gba eyín mi?"

Amirah ń wo ilẹ̀.

"Ta lọkọ ọ̀hún? Ṣé iwin ni, tí mi ò fi gbọdọ̀ rí i?"

Ìyá wa jù mí sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Àlùfáà ní Mukhtar ò gbọdọ̀ fẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pọ̀. Ó ní àfi kó kọ́kọ́ kọ̀ yín sílẹ̀."