Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Wọ́n Ń Kọ Oyè Àlùfáà

Nígbà tí ogójì ọjọ́ ikú Àbúnà Mikail, àlùfáà abúlé, pé, bíṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sí àwọn ará abúlé pé kí wọ́n wá ẹni tí òun máa fi joyè àlùfáà dípò rẹ̀. Kò sí ilé tí wọn ò ti dárúkọ Fanus. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń kọ́ wọn ní Bíbélì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tọmọdé tàgbà ló sì mọ òfin rẹ̀: ẹsẹ kan kì í dá dúró. Wádìí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wádìí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ka ohun tó ṣáájú, ka ohun tó tẹ̀lé e, kó o tó lanu pé o mọ ìtumọ̀.

Láti ọmọ ọdún méjìlá ni Fanus ti ń fẹ́ oyè yìí. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan àfi Febronia ìyàwó rẹ̀, nítorí láàárín àwọn Kọ́pítì, àwọn Kristẹni ilẹ̀ Íjíbítì, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ńṣe ni wọ́n máa ń sá fún un. Wọ́n á wá bẹ̀ ọ́, wàá fi àáké kọ́rí pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Wọ́n á tún wá, wàá tún kọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta wàá sunkún, wọ́n á sì fà ọ́ lọ síwájú pẹpẹ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Labib, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ajílẹ̀, ló kó àwọn àgbààgbà wá lọ́jọ́ Ajé. Fanus ní ẹnu òun kò mọ́, ọwọ́ òun kò mọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn lọ. Wọ́n mu tíì wọn tán, wọ́n jáde tayọ̀tayọ̀. Febronia, tó ń lọ aṣọ ní yàrá kejì, sọ fún un pé ó yára jù níbi “ọwọ́ mi kò mọ́,” kó fà á díẹ̀. Ó tún un sọ, ó fà á. Febronia ní ó ti dáa báyìí.

Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá òun lè ránṣẹ́ sí ìyá òun ní Alẹkisáńdíríà, pé àwọn ń kó bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè gẹ́gẹ́ bí Fanus ṣe ṣèlérí. Ìyá náà ti ń dá gbé láti ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e mọ́. Fanus ní àlùfáà kì í fi abúlé rẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tún béèrè mọ́.

Lọ́jọ́rú, àwọn àgbààgbà padà wá, ó sì padà kọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀kọ́ dórí Mósè níwájú igbó tó ń jó. Fanus kà á débi tí Mósè ti bẹ Ọlọ́run pé kó rán ẹlòmíràn, ó pa ìwé dé, ó ní ẹ̀yin náà rí i, ẹni tí Ọlọ́run yàn kì í du nǹkan. Febronia nawọ́ láti apá àwọn obìnrin.

“Olùkọ́, ẹ ò ka èyí tó tẹ̀lé e.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Fanus ní àkókò ti lọ, wọ́n á kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣí ìwé nílé yóò rí i pé inú bí Ọlọ́run.

Labib nìkan ló wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní bíṣọ́ọ̀bù yìí kì í ka ọ̀rọ̀ ẹnu kún. Kí Fanus kọ kíkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta sínú ìwé, òun á mú un lọ fún un ní ìlú.

“Tó bá wá gbà á gbọ́ ńkọ́?”

“Fanus, ta ló máa gba ìyẹn gbọ́? Àbí bíṣọ́ọ̀bù kì í ṣe Kọ́pítì ni?”

Fanus kọ ọ́. Labib lẹ̀ ẹ́ pa, ó tì í bọ àpò àyà. Febronia bá ọkọ̀ Labib wọ ìlú nítorí òwú ìránṣọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tí bíṣọ́ọ̀bù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé láti fi àlùfáà tuntun joyè, Fanus wọ ẹ̀wù galabíà tuntun, ó jókòó síbi tí ojú bíṣọ́ọ̀bù á ti tó o. Omijé rẹ̀ ti wà nítòsí. Bíṣọ́ọ̀bù dìde, ó sì pe Zakhari. Zakhari, agé-ìrèké tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn márùn-ún, bẹ́ gìjà sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e padà wọlé. Fanus wo Labib. Labib wolẹ̀.

Bí ìsìn ṣe parí, Fanus ká a mọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Labib búra pé òun fi lẹ́tà náà lé bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, òun sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má gba ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́. Fanus tutọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti jọ ń tọwọ́ bọ abọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún gan-an.

“Ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́, Labib. Má tún pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́.”

Ó kọjá lọ sí yàrá tí bíṣọ́ọ̀bù wà. Ó rọra béèrè bóyá lẹ́tà òun ni wọ́n kà tí wọ́n fi gbà pé òun ò fẹ́.

“Lẹ́tà ẹ dáa,” ni bíṣọ́ọ̀bù wí. “Ṣùgbọ́n wọ́n ní o máa ń kọ́ wọn pé kí wọ́n ka ohun tó ṣáájú. Èmi náà kà á.” Ó ti ìwé kejì sí i lórí tábìlì, èyí tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ìyàwó kí wọ́n tó fi ọkọ joyè àlùfáà.

Febronia ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: “Láti ọmọ ọdún méjìlá ni ọkọ mi ti ń fẹ́ ẹ, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa kọ̀ ọ́, ẹkún ẹ̀ẹ̀kẹta nìkan ni kò tíì mọ̀ ọ́n sun dáadáa.”