Ẹ̀gbà Ọwọ́ Fadérera

Kí Fadérera tó jí, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì ti fi èsì ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀, bí òfin ṣe wí. Kò tíì bọ́jú tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi pè é láti Ìlá.

"Ìyàwó mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á ṣe é lóṣù tó ń bọ̀."

Báyìí ló ṣe mọ̀ pé òun kò tíì lóyún.

"Màmá, ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni? Àbí kí n dín iṣẹ́ kù?"

"Ẹ̀gbà ní kò sóhun tó ṣe ẹ́. Ó ní kó o ṣáà ní sùúrù."

Omijé lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n ó rántí pé ẹ̀gbà á ròyìn ẹkún rẹ̀ fún wọn, ló bá gbé e mì.