Láàárín Bẹ́ńṣì àti Àga

Bẹ́ńṣì wà lápá òsì ṣọ́ọ̀ṣì, àga oníke wà lápá ọ̀tún, àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kì í sì í kí àwọn tó ń jókòó sórí àga. Bàbá tó bí Bàbá Káfíńtà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan àwọn bẹ́ńṣì náà nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì jẹ́ àtíbàbà. Ìyá Nọ́ọ̀sì, olórí àwọn obìnrin, ló ní bẹ́ńṣì ń mú kí ẹ̀yìn máa ro àwọn àgbàlagbà, ló bá ra àga wá, ó sì ní kí wọ́n kó ìdajì bẹ́ńṣì síta sínú òjò. Ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti ràn mọ́ koríko gbígbẹ, ta ló tún ń béèrè pé ta ló ṣáná?

Pásítọ̀ ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló wà. Nígbà tó fi máa dé, ẹran ti bọ́ sẹ́nu ajá. Ó wàásù ìṣọ̀kan títí ohùn rẹ̀ fi ha. Apá òsì ní apá ọ̀tún ló ń bá wí, apá ọ̀tún ní apá òsì ni. Ó pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀ rẹ̀. Bàbá Káfíńtà dé ẹnu ọ̀nà, ó rí bàtà Ìyá Nọ́ọ̀sì nílẹ̀, ó yíjú padà láìkan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọkọ Ìyá Nọ́ọ̀sì kú, ẹnì kan ṣoṣo ò wá láti orí bẹ́ńṣì. Àwọn tó wà nídìí sàréè ò tó láti sọ pósí kalẹ̀, Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló di etí okùn kan mú. Ó délé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára aṣọ.

"Iṣẹ́ yìí ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ló wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ nígbà náà."

"Ká lọ síbo? Bí ọmọ méjì bá ń jà, ṣé bàbá wọn á wá sá kúrò nílé ni?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò ṣí Bíbélì. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì láàárín bẹ́ńṣì àti àga.

"Ẹ̀yin ará, ẹ má wá ẹlẹ́bi kiri mọ́. Èmi ni. Èmi ni mo da ìjọ yìí rú. Ohunkóhun tó bá wà láàárín yín, ẹ dì í rù mí, kí ẹ sì bá ara yín rẹ́."

Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Bàbá Káfíńtà wo Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ìyá Nọ́ọ̀sì náà wò ó. Ojú wọn ò tíì ṣe mẹ́rin láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló kàn yín nínú ẹ̀bi ẹlẹ́bi?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà tí wọ́n délé.

"Bí ọwọ́ wọn bá ṣófo, wọn á rí i fi gbá ara wọn mọ́ra."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń rí ọ̀kadà Bàbá Káfíńtà níwájú ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ tí Ìyá Nọ́ọ̀sì náà fi jókòó sórí bẹ́ńṣì. Wọ́n ń ṣèpàdé lẹ́yìn ìsìn. Bí Pásítọ̀ bá ti sún mọ́ wọn, ohùn wọn á rẹlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ara wa la ń yanjú, sà."

Á fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjà parí, kì í ṣe dandan kó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dì mọ́ra.

Nígbà tó yá, Bàbá Káfíńtà gbé páànù àti ìṣó wá sí ilé míṣọ̀n tí Pásítọ̀ ń gbé. Láti ọjọ́ tí Pásítọ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ nípa òrùlé rẹ̀ tó ń jò, korobá ló ń gba òjò fún wọn ní pálọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú téèpù, ó ń wọn ojú fèrèsé. Omi lé sójú Pásítọ̀ nídìí àkàbà.

"Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá."

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, sà," ni Bàbá Káfíńtà wí láìwo ìsàlẹ̀. "Iṣẹ́ ìjọ ni."

Nínú yàrá, Ìyá Nọ́ọ̀sì bi ìyàwó Pásítọ̀ pé, "Ilé yín tí ẹ ń kọ́ lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ti kan òrùlé ẹ̀?"

"Òrùlé kẹ̀? Kò tíì ju ìpìlẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀."

Ìyá Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ká téèpù rẹ̀, ó kọjá sí fèrèsé kejì.

"Ọkàn mi ò balẹ̀," ni ìyàwó Pásítọ̀ wí nígbà tí wọ́n lọ tán. "Ẹni tó ń ṣe èèyàn lóore kì í yíjú kúrò lára rẹ̀."

"Ojú ló ń tì wọ́n. Ẹ má jẹ́ ká bá wọn ṣírò oore."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ti to bẹ́ńṣì mọ́ àga, àga mọ́ bẹ́ńṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu ọ̀nà. Ìwàásù Pásítọ̀ ò gùn, ọkàn rẹ̀ ti kún jù. Kó tó súre, Bàbá Káfíńtà àti Ìyá Nọ́ọ̀sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ní ìjọ ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Pásítọ̀ juwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kó wá dúró ti òun.

"Pásítọ̀ wa," ni Bàbá Káfíńtà wí, gbogbo ìjọ sì dìde dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ènìyàn kan ṣoṣo, "láti ọjọ́ tí ẹ ti kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ̀yin lẹ dà wá rú ni ohùn wa ti ṣọ̀kan lórí yín, ẹni tí yóò rọ́pò yín sì ń kó wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."