Ọ̀tún Tí Ó Fi Ń Jẹun

Ìgbátí kejì dá ọkùnrin tó ń tún bàálù ìṣeré ṣe lulẹ̀ lórí pápá Màfólúkù. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

Ọláyanjú, ìpáǹle tó ni bàálù náà, dúró kọjú sí imú bàálù. Bó ṣe ti rìmóòtù sọ́tùn-ún, wáyà fa ìrù tó ń darí bàálù sápá òsì Ọláyanjú.

“Òdì lo so ó!”

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀tún bàálù nìyẹn. Ẹ bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa rí i.”

“Ìwọ lo máa fi ọ̀tún hàn mí? Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun?” Ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn.

Nígbà tí bàtà kúrò, atúnṣe dìde. Ó yọ wáyà náà, ó fi há òdìkejì.

Bàálù gbéra, ó ń kùn bí agbọ́n. Ó fẹ́ yà sósì díẹ̀. Ọláyanjú ti rìmóòtù sọ́tùn-ún, bàálù túbọ̀ yà sósì. Bó ṣe ń tì í sọ́tùn-ún tó, bẹ́ẹ̀ ni bàálù ń yí bírí, títí ó fi já lu Ọláyanjú. Ọláyanjú gbé ọwọ́ ọ̀tún bojú. Fáànù imú bàálù gé ìka rẹ̀ bí ẹni rẹ́ ilá.

Atúnṣe tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ dànù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọwọ́ wo lẹ máa fi jẹun báyìí?”