Ohun Tí Corinne Sọ Nípa Lachlan

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, Corinne Dubuc gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì Garth Olynyk, ó sì gbé ìwé rẹ̀ sórí itan.

Garth ni kóòṣì ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ti Harrow Lake, ní Kánádà. Àwọn àti ẹgbẹ́ Dunmore ti na ara wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, eré ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni yóò sì sọ ẹni tó ni ife-ẹ̀yẹ. Lachlan Friesen ló ń kọ Garth lóminú, eléré iwájú tí kò tíì gbá góòlù kan wọlé látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

“Eré mẹ́fà, òdo,” ni Garth wí. “Mo gbà ọ́ síṣẹ́ kó o lè máa rí ohun tí pátákó iye góòlù kì í sọ. Àmọ́ bí mo bá gbọ́ tìẹ tá a sì fìdí rẹmi, èmi àtìẹ la jọ máa palẹ̀ ẹrù wa mọ́.”

Corinne ní òun gbọ́.

Ọdún mẹ́jọ ló ti ń wo Lachlan, ojoojúmọ́ sì ni ọkùnrin náà ń pè é ní Àǹtí Corinne. Bí ọkùnrin náà bá ti wọ orí yìnyín, àwọn Dunmore kì í ráyè mí. Òun ló ń wọ igun lọ já rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá gbà lẹ́nu ọ̀pá àwọn tó ga jù ú lọ. Òun ló ń dúró gbagidi síwájú aṣọ́lé Dunmore, kí onítọ̀hún má baà ríran, tí wọ́n á máa fi ọ̀pá gún un ní ìhà. Góòlù mẹ́sàn-án làwọn ẹlòmíì ti gbá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ báyẹn. Ó ti fi ara dí rọ́bà lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún. Ní eré kẹfà, orí ló tiẹ̀ fi dí ọ̀kan. Ó ṣubú, dókítà bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ó dáhùn, ó padà sójú eré, gbogbo èrò sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un.

Corinne ti wo fídíò ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ibi tí Lachlan ti dìde, tó dúró díẹ̀ kó tó mọ ibi tó ń lọ, ló ń wò. 

“Ó yá, sọ̀rọ̀,” ni Garth wí.

Corinne ṣí ìwé rẹ̀. Ojú ewé mẹ́rìnlá ló fi kọ iṣẹ́ ọwọ́ Lachlan. Ó pa á dé.

“Ẹ yọ ọ́, Ọ̀gá. Òdo, òdo náà ni. Kò wúlò fún wa.”

Garth tẹjú mọ́ ọn. Ó ní òun ti rò pé yóò gbèjà ọkùnrin náà ni. Ó ní dókítà sọ pé ara rẹ̀ dá, Lachlan fúnra rẹ̀ sì ti búra pé kò sí ẹni tó máa dá òun jókòó. Corinne ní bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ wọ eré, kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Garth mí kanlẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsù fa ìlà la orúkọ Lachlan kọjá.

Nínú yàrá ìmúra, Lachlan ti ń so okùn bàtà onírin tó fi ń yọ̀ lórí yìnyín, fún ìdánrawò àárọ̀. Corinne jókòó tì í, ó sọ fún un pé kò ní gbá eré náà, pé òun ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó ń dúró de èébú.

Lachlan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fara sún mọ́ ọn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́, ó sì bi í fún ìgbà kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, kí ni wọ́n tún ní orúkọ yín ń jẹ́?”