Òòlù Lára Kadíláàkì Olóyè

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Sùnmọ́nù, tó ń fọ́ mọ́tò àtijọ́ ta irin wọn, gbé òòlù dé ìdí Kadíláàkì olóyè tó ti kú.

"Ọmọ mi, dúró dàárọ̀," ni opó olóyè bẹ̀ ẹ́. "Bàbá ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan mọ́tò yìí."

"Ẹ wọlé, màmá. Bàbá ò tún lè wọ mọ́tò mọ́."

Ó la òòlù mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò dún bí irin rárá. Ó dún bí ẹ̀yìn èèyàn. Ó tún là á mọ́ ọn. Ẹnìkan kérora nínú mọ́tò. Ẹ̀rù Sùnmọ́nù di ìbínú, ló bá lu òrùlé títí tó fi tẹ̀ wọnú.

Gíláàsì ẹ̀yìn rọra wálẹ̀. Ọwọ́ kan tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ oyè nà jáde, ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," ni ohùn kan wí jẹ́jẹ́. "Ó kàn mí."