Pépà Tó Wọ Abẹ́ Ẹní

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi.

1.
Obìnrin kan wà tó ń ránṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, aṣọ tó bá rán kì í tú. Àmọ́ ojú máa ń tì í. Kì í ṣe ìgbéraga o, ojú ló ń tì í. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn lórí àtẹ̀gùn, á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí onítọ̀hún á fi kọjá.

Màmá rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé yàrá méjì lókè. Bí oníbàárà bá dé, màmá ló máa kí i, màmá ló máa mú téèpù wọn èjìká àti ìbàdí rẹ̀, á máa pe nọ́ńbà sókè, ọmọ á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì. Bí aṣọ bá ti parí, ọmọ á gbé e kọ́ ìṣó níta, á fi abẹ́rẹ́ há pépà mọ́ ọn lára: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́." Bó ṣe di ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Onípépà nìyẹn.

Màmá máa ń bá a wí. "Ọmọ mi, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí mi ò bá sí ńkọ́?"

"Màmá, ẹ ṣáà wà."

"Mo mọ̀ pé mo wà. Bí mi ò bá sí ni mo ní."

Onípépà á rẹ́rìn-ín, á máa tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ.

2.
Nọ́ọ̀sì kan kó wá sí yàrá tó kángun sí tiwọn. Ó wá kí wọn lọ́jọ́ tí màmá ò sí nílé. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ẹ kú ilé o. Èmi ni aládùúgbò yín tuntun."

Onípépà wà nínú ilé, ó di èémí mú. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó kọ pépà, ó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi." Nọ́ọ̀sì rí i, ó ní kò burú, ẹni tí kò fẹ́ ìyọnu ni. Ọdún mẹ́ta gbáko, òun àti màmá ń kíra, àmọ́ kò kan ilẹ̀kùn yẹn mọ́.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, màmá ń fi téèpù wọn aṣọ kan lórí tábìlì. Ó pe mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó tún un pè. Nígbà kẹta, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà mọ́. Onípépà ṣí kọ́tìnì. Ẹnu màmá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, téèpù ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ó gbé e dùbúlẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílùú mìíràn, fóònù ò lọ. Ó sáré jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà nọ́ọ̀sì. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn.

Ọwọ́ yẹn ò kan igi. Ó ń rò ó lọ́kàn pé, "Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi kí wọn. Ṣé ọjọ́ tí mo nílò wọn ni mo máa wá kí wọn?" Ẹ gbọ́ mi o, ìtìjú a máa sọ̀rọ̀ bí ọlọ́gbọ́n. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó padà sílé, ó kọ pépà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara màmá mi ò yá. Ẹ bá mi wò wọ́n." Ó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn bó ṣe ṣe nígbà yẹn.

Pépà náà wọ abẹ́ ẹní ìnusẹ̀ tí nọ́ọ̀sì tẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó jókòó ti màmá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dìde, á ní, "Wọ́n ti rí i. Wọ́n ń múra ni." Aago mẹ́wàá kọjá. Méjìlá kọjá.

4.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, nọ́ọ̀sì fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́. Bó ṣe ń wá bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká ẹní sókè, ó rí pépà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré wọlé wọn.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Aago mẹ́sàn-án, mà."

"Mẹ́sàn-án àárọ̀? Mo wà nílé. Aṣọ ni mò ń lọ̀. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Kí ló dé tó ò kan ilẹ̀kùn?"

"Ojú ń tì mí ni, mà."

Nọ́ọ̀sì wò ó, kò lè bínú. Ó pọn màmá, ó bá a sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà sọ fún wọn pé wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, pé ká ní wọ́n tètè dé ni, bóyá ohùn ì bá ṣẹ́ kù. Màmá ò kú. Àmọ́ ẹnu tó ti ń sọ̀rọ̀ fún èèyàn méjì láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rọ̀ ò jáde níbẹ̀ mọ́.

5.
Lọ́sẹ̀ tí wọ́n padà délé, oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn. Màmá wà lórí àga, ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Ó yíjú sí kọ́tìnì.

Onípépà jáde. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ... ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ wọlé."

Ó mú téèpù lórí itan màmá, ó wọn èjìká obìnrin náà, ó sì pe nọ́ńbà sókè. Ìgbà tó wẹ̀yìn, màmá ti fi ọwọ́ òsì mú pẹ́ńsù, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà náà wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Omi ń dà lójú ìyá àti ọmọ.

Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ohùn màmá ò padà.

Ìwọ tó ń ka èyí, tó o máa ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí èèyàn kọjá, ìwọ ni mò ń bá wí. Má dúró dìgbà tí ilé bá ń jó kó o tó mọ orúkọ ẹni tó lómi. Kí aládùúgbò rẹ lónìí. Bí ohùn rẹ bá gbọ̀n, jẹ́ kó gbọ̀n, kò pa ẹnikẹ́ni rí. Dídákẹ́ ló ń pani. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni obìnrin yẹn fi ń rán aṣọ tó ń bo àwọn èèyàn lára, kò sì tètè mọ ohun táwọn àgbà ti sọ tipẹ́: èèyàn bo ni lára ju aṣọ lọ.